Ìjọ wa ò ju ogójì àgbà lọ, iṣẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ti kó lé mi lórí, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì Òkè-Ògùn

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí níbi tí mo wà yìí kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní ti dé etí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kílẹ̀ tó ṣú.

Èkó la wà tẹ́lẹ̀. Ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ mi wá sí apá Ìsẹ́yìn níbí, a gba ilé sí ìlú kékeré kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ní Èkó ṣọ́ọ̀ṣì ńlá là ń lọ, ìsìn mẹ́ta láàárọ̀ Sọ́ńdè kan, bó o wá, bó ò wá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi ẹni tó ń júwe ibi tó o máa gbé mọ́tò sí. Mi ò sì ní kó má rí bẹ́ẹ̀ o, torí tó bá fi máa di Sọ́ńdè ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Nígbà tá a dé ibí, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó wà nítòsí ilé la bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo kà wá lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣe ìkéde lọ́wọ́: àgbà 38, ọmọdé 13, àti ajá Bàbá Wọ́dìn (àgbà ìjọ tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì), ajá ọ̀hún máa ń sùn sẹ́nu ọ̀nà.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ wọ́n ní ká dìde, wọ́n kọrin kí wa káàbọ̀, ìyá àgbà kan sì tẹ̀ lé wa délé, ó ru iṣu mẹ́ta dání. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, kí n má purọ́. Sọ́ńdè kejì wọ́n ní ṣé mo lè bá àwọn ka ẹ̀kọ́ kejì, ìyẹn Bíbélì tí wọ́n ń kà sétí ìjọ, torí ojú bàbá tó ń kà á tẹ́lẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo kà á. Nígbà tó fi máa di Sọ́ńdè kẹta wọ́n ti gbọ́ pé tíṣà ni mí, ìyẹn ni mo ṣe wọ gàù. Bí mo ṣe ń kọ eléyìí lọ́wọ́, èmi ni tíṣà àwọn ọmọdé, èmi ni mò ń ka ẹ̀kọ́, mo wà nínú akọrin (ohùn mi ò dáa o, ọkọ mi lè jẹ́rìí sí i), èmi ni akọ̀wé kọmití ìkórè, èmi ni mò ń fi fóònù tẹ ìkéde, àti pé láti oṣù tó kọjá wọ́n tún ní kí n máa bá akápò ka owó ọrẹ. Mi ò tíì pé ọdún kan níbẹ̀! Ọjọ́rú ẹ̀kọ́ Bíbélì, Jímọ̀ àdúrà, Sátidé ìdánrawò akọrin. Ọkọ mi ti ń pè mí ní Fíkà Kékeré, bí ẹni pé èmi ni àlùfáà ìjọ, ó ń rẹ́rìn-ín sọ ọ́ ni, àmọ́ mo mọ̀ pé kò bá a lára mu, torí òun ló ń bá àwọn ìbejì jà lálaalẹ́ Sátidé.

Ọ̀rọ̀ kejì ló jẹ́ kí n wá síbí gan-an. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa pọ́ǹpù kan wà, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fà, gbogbo àdúgbò ló ń pọn omi níbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí àti àwa. Ó ti bàjẹ́ láti oṣù márùn-ún. Àwọn ọmọ kíláàsì mi nílé ìwé ń kọ́kọ́ lọ sódò kí wọ́n tó wá, wọ́n á dé bá mi níbi tí mo ti kọ́ ìṣirò tán. Ìkórè wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ₦412,000 ni wọ́n kéde, pẹ̀lú gbogbo iṣu, èlùbọ́ àti adìẹ tá a tà ní gbànjo. Mo wá dìde nípàdé, mo ní ká yọ díẹ̀ níbẹ̀ ká fi tún pọ́ǹpù ṣe. Bàbá kan ní "Ìyàwó wa, òrùlé ilé Ọlọ́run ń jò, ẹ ń sọ̀rọ̀ pọ́ǹpù." Àwọn kan tún ní sípíkà àti jẹnẹrétọ̀ ló yẹ ká rà, kí àwọn ọ̀dọ́ má bàa sá lọ tán sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lójú títì tí ariwo wọn máa ń bá wa bí a bá ń ka Ìwé Àdúrà lọ́wọ́. Ilé wá pín sí mẹ́ta, wọ́n ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sí ọjọ́ mìíràn.

Báwo ni mo ṣe lè gbé lára iṣẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀ tí wọn ò fi ní sọ pé ará Èkó ti gbé ìgbéraga ẹ̀ dé? Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù yẹn náà ńkọ́, ṣé àṣejù ni, abi kí n tún gbé e wá? Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà sí i o, mo ti ń gbà á.

---

Kátíkísì Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Iṣẹ́ kátíkísì, ẹni tó ń darí ìjọ tí àlùfáà ò bá sí, ni mo ṣe fún ọdún 31, abúlé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń rí ṣọ́ọ̀ṣì yín lójú mi, títí dórí ajá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín sọ ohun tí wọn ò sọ fún yín. Fíkà kan lè ní ìjọ márùn-ún, mẹ́fà lábẹ́ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló máa wá fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ọjọ́ tó kù, kátíkísì àti àwọn ará ìjọ ló ń gbé e. Owó sì wà tí ìjọ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí dáyósíìsì (àgbègbè tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù) lọ́dọọdún, bẹ́ ẹ pé ogójì, bẹ́ ẹ pé irinwó. Àwọn tó yẹ kó máa ka ẹ̀kọ́, kó máa kọ ìwé, wọ́n wà o, orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé ìjọ, àmọ́ Ìbàdàn ni wọ́n wà, Èkó ni wọ́n wà, Kérésì, Àjíǹde àti ọjọ́ òkú nìkan la máa ń rí wọn. Tí irú ìjọ bẹ́ẹ̀ bá wá rí ẹnì kan tó mọ̀wé, tó lera, tó sì ń dé lásìkò, ṣe ni wọ́n á gbá a mú bí ẹni tí omi ń gbé lọ ṣe ń gbá igi mú. Kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Nǹkan tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ mú méjì nínú mẹ́fà, èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù. Tèmi ni pé àwọn ọmọdé ni kẹ́ ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ má lọ dìde nípàdé kẹ́ ẹ ní ẹ ò ṣe mọ́ o! Ìtìjú ni yóò di fún àwọn tó fún yín níṣẹ́, wọn ò sì ní gbàgbé. Ẹ lọ bá Ìyá Ìjọ nílé lọ́wọ́ alẹ́, kẹ́ ẹ tó lọ bá wọ́dìn. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ sọ fún wọn bí nǹkan ṣe rí nínú ilé yín, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ẹni tó lè gba iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí "mi ò ṣe mọ́" lásán, etí àgbàlagbà kì í gbà á. Ọmọ ọdún 14 tó ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì lè ka ẹ̀kọ́ dáadáa tẹ́ ẹ bá fi Jímọ̀ méjì kọ́ ọ.

Èyí tó kan owó ọrẹ, ẹ tètè jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ akọ̀wé kò yẹ kó tún máa ka owó. Mi ò sọ pé wọ́n á fẹ̀sùn kàn yín o, àmọ́ lọ́jọ́ tí owó bá dín, àjèjì ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.

Ní ti pọ́ǹpù, ọ̀rọ̀ òrùlé tí bàbá yẹn sọ kì í ṣe àwáwí, mo ti rí ibi tí òjò ti ba Bíbélì orí pẹpẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí wọn létí pé kí ìjọ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ wa, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Nígbà tí Hinderer, míṣọ́nnárì òyìnbó, àti ìyàwó ẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, tí wọ́n tẹ̀dó sí Kúdẹtì, kò sí èrò nínú ìjọ tí wọ́n máa kà, inú ilé tí wọ́n ń gbé làwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ níwèé ń sùn sí. Ìjọ kékeré náà kì í ṣe ohun tuntun. James White lọ wàásù ní Ọ̀tà ní 1854, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ìjọ ẹ̀ ò gbèrú bíi ti Abẹ́òkúta rárá, síbẹ̀ ó jókòó tì wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ tí mo bá ń wàásù fún èèyàn 17, òun ni mo máa ń rò.

Kẹ́ ẹ tó tún gbé e wá sípàdé, ẹ lọ mú púlọ́ńbà kó wò ó, kó sọ iye ẹ̀. Ẹ̀rù owó tí wọn ò mọ iye ẹ̀ máa ń ju ẹ̀rù owó gan-an lọ.

---

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kan

Sá o. Mo ní kó o sá!

Mò ń ṣeré ni jàre. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí èmi náà ti jẹ́ "ọ̀dọ́ tó mọ̀wé" rí nínú ìjọ kékeré kan, mi ò ní sọ ibẹ̀. Akọ̀wé owó ni wọ́n fi mí ṣe lọ́mọ ọdún 26. Lọ́jọ́ tí mo béèrè rìsíìtì símẹ́ńtì tí wọ́n ní àwọn rà, ṣe ni gbogbo ilé dákẹ́, bàbá kan wá fọhùn, ó ní Júdásì náà ló ń tọ́jú àpò. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti tán. Mo lo ọdún méjì gbáko tí mi ò dé ṣọ́ọ̀ṣì kankan.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe báyìí ni pé kó o bi wọ́n, ₦412,000 yẹn, ṣé owó tó wà ní báńkì ni àbí owó ẹnu? Torí mo mọ ìkórè. Alága máa dìde, á ní "èmi àti ìyàwó mi ₦100,000," wọ́n á lù ìlù, wọ́n á jó, á wá fi ₦20,000 sílẹ̀, èyí tó kù á di "ẹ máa retí ẹ̀". Ìjọ á wá máa pín ẹran tó ṣì wà nínú igbó. Ẹ lè máa bá ara yín jà lórí òrùlé, pọ́ǹpù, sípíkà, kó jẹ́ pé owó ọ̀kan gan-an ò sí nílẹ̀.

Sípíkà yẹn náà, ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ ò sá lọ nítorí sípíkà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ojú títì yẹn, ọmọ ọdún 17 ló ń lù ìlù, ọmọ ọdún 19 ló ń di gbohùngbohùn mú, níbi tèmi, tó o bá fọwọ́ kan dùùrù láìpé ogójì ọdún, wọ́n á bi ọ́ pé ta ló rán ọ níṣẹ́. Ẹ ra sípíkà tó tó ilé, kò sọ́mọ tó máa padà wá jókòó lẹ́yìn kó máa wo ẹ̀yìn orí àgbà.

---

Ẹ̀gbọ́n Mẹ́tọ́díìsì

Ọmọ Ìjẹ̀bú, pẹ̀lẹ́. Wọn ò ṣe dáadáa sí ẹ.

Ìyá Ìbejì, ohun kan wà tẹ́ ẹ ò sọ tí mo fẹ́ bi yín. Ta ló ń bẹ ẹ̀yin wò? Nínú gbogbo iṣẹ́ mẹ́fà yẹn, ìgbà wo ni ẹnikẹ́ni wá sílé yín tí kò gbé iṣẹ́ wá?

Ìdí tí mo fi bi yín ni pé lọ́dọ̀ tiwa, kíláàsì la ń ṣe, èèyàn mẹ́wàá sí méjìlá lábẹ́ olórí kíláàsì kan. Ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Gbèsè ni! Ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1742, gbèsè wà lọ́rùn àwọn Mẹ́tọ́díìsì lórí ilé ìjọsìn wọn, ẹnì kan wá dá a lábàá pé kí kálukú máa mú pẹ́nì kan wá lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan máa gbà á lọ́wọ́ èèyàn méjìlá, tẹ́nì kan ò bá sì ní, kí olórí ẹ̀ bá a san án. Bí àwọn olórí ṣe ń lọ láti ilé dé ilé gba pẹ́nì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí kálukú ṣe ń gbé ìgbé ayé ẹ̀ nínú ilé. John Wesley tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀ wá rí i pé owó ọ̀hún gan-an ti di ọ̀rọ̀ kejì. Tí mo bá rántí eléyìí mo máa ń rẹ́rìn-ín, torí láàárín àwa kan, ó ti yí padà sí ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, owó nìkan ló kù. Mo mọ ìyá kan tó ta ẹ̀kọ fún gbogbo ìlú fún ogójì ọdún, nígbà tó kú, wọ́n ní àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó ìjọ ọdún mẹ́ta tó jẹ kí àlùfáà tó tẹ̀ lé wọn débi sàréè. Ọdún mẹ́ta tí kò fi lè dìde lórí ibùsùn! Mi ò tíì dárí jì wọ́n, kí n má tàn yín.

Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù wá. Àwa ṣe irú ẹ̀ ní ìlú wa, ìjọ wa ò ju èèyàn 50 lọ. Àṣìṣe tá a kọ́kọ́ ṣe ni pé a fi ṣe tiwa nìkan. A tún un ṣe, ó tún bàjẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, torí wáṣà tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún máa ń jẹ, ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ẹ̀ ni. Nígbà kejì la wá lọ bá lémọ́ọ̀mù àti àwọn ìyá Àsàlátù. Ó rọrùn ju bá a ṣe rò lọ, ṣebí àwọn náà ló máa ń wá jókòó síwájú níbi ìkórè wa tí wọ́n ń ra adìẹ wa, àwa náà sì ń jẹ ẹran Iléyá wọn. Ilé kọ̀ọ̀kan ń dá ₦200 lóṣù, Àlájà kan tí ilé ẹ̀ sún mọ́ pọ́ǹpù ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, ó sì le ju ọlọ́pàá lọ. Tí ọmọ ẹ bá gun orí pọ́ǹpù, o máa gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ọjà.

---

Kátíkísì Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, èyí tí wọ́n ṣe fún ìyá ẹlẹ́kọ yẹn ò dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Owó ìjọ yẹn náà la fi ń sin ẹni tí kò lẹ́nìkan. Mo ti sin bàbá àgbà kan tí ọmọ ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lókè òkun tí ọ̀kankan ò wá, owó ìjọ la fi ra pósí, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ló gbẹ́ ilẹ̀. Tí gbogbo èèyàn bá ní àwọn ò san, kí la máa fi ṣe é?

---

Ẹ̀gbọ́n Mẹ́tọ́díìsì

Bàbá, ẹni tó lè san tí kò san yàtọ̀ sí ẹni tí ò lè dìde. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

---

Kátíkísì Tó Ti Fẹ̀yìntì

Mo mọ̀ ọ́n.

---

Àdùnní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ọ̀nà jíjìn. Ìjọ Yorùbá kékeré kan la ní níbí, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, èèyàn bíi 25 tójú ọjọ́ bá dáa, tó bá tutù ká ní 14. Gbọ̀ngàn ilé ìwé la ń yá, wákàtí mẹ́ta péré, torí náà a gbọ́dọ̀ tètè dé kó àga jáde, ká so okùn sípíkà, tá a bá ṣe tán ká tún kó gbogbo ẹ̀ padà, ká gbálẹ̀, kí olùṣọ́ tó máa ń wo aago tó dé. Bíṣọ́ọ̀bù ò lè dé ọ̀dọ̀ wa kó má gbé àga.

Ó sú mi nígbà kan, mo kọ lẹ́tà pé mi ò ṣe alábòójútó oúnjẹ mọ́. Lẹ́tà o! Sí àwọn tá a jọ ń jẹun! Bàbá Kátíkísì sọ òótọ́, ẹ lọ sílé wọn. Lẹ́tà yẹn jẹ́ kí ìyá kan má kí mi fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo wá bímọ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, tí mi ò ní ìyá ní ìlú yìí, ìyá yẹn náà ló kọ́kọ́ dé, ó gbé omi ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ewédú tó ti dì sínú fíríìsà wá, ó wẹ ọmọ, ó fọ àwo, ó tún bá mi sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà yẹn bó ṣe ń fọ àwo lọ. Wọ́n máa ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ẹni o. Ẹnì kan níbẹ̀ mọ iye oṣù tí mo jẹ gbèsè owó ilé, mi ò sì sọ fún un. Àmọ́ òun náà ló bá mi san ọ̀kan.

Mi ò mọ bí ẹ ṣe máa ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

---

Ìyá Ìbejì Òkè-Ògùn

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Mẹ́tọ́díìsì, ìbéèrè yín yẹn jẹ́ kí n jókòó. Mo ronú títí, ẹnì kan péré ló ń wá láìgbé iṣẹ́ wá, ìyá oníṣu yẹn ni, ó kàn máa ń wá jókòó wo àwọn ìbejì. Mi ò tíì lọ kí òun rí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹnu ẹ mà gún o. Mo béèrè lọ́wọ́ akápò: ₦268,500 ló wà ní báńkì. Èyí tó kù, ẹnu ló wà.

Mo máa wá sọ bó bá ṣe lọ.

---

Ìyá Ìbejì Òkè-Ògùn (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin)

Mo ti dé.

Mo mú búrẹ́dì àti mílíìkì, mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìjọ lálẹ́ ọjọ́ Ajé kan. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sórí ìwé, àfi bí mo ṣe ní "Ẹ̀yin mà, ó ti ń rẹ̀ mí," tí màmá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti ń bá Bàbá Wọ́dìn sọ ọ́ láti ìgbà ìkórè pé ọmọ yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀, ẹ jẹ́ ká wò ó títí dìgbà wo. Inú bí mi díẹ̀! Torí ẹ̀yin rí i, ẹ sì ń gbé e lé mi lọ. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o. Wọ́n ní ìyẹn náà dáa, pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa bá àwọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé.

Àwọn ọmọdé wà lọ́wọ́ mi, mo sì mú iṣẹ́ akọ̀wé. Ọmọbìnrin méjì tó wà ní JSS3 ló ń ka ẹ̀kọ́ báyìí. Sọ́ńdè tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn kan Nebukadinésárì, ó gé e sí wẹ́wẹ́ bí ilá, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó padà, ó tún un kà, ìyá ẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wá tẹ́lẹ̀ jókòó síwájú, ó ń ya fọ́tò. Ìkéde orí fóònù, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló gbà á. Owó ọrẹ, mo ti jáde. Ní ti akọrin, mo ti múra àlàyé gígùn sílẹ̀ fún olórí akọrin, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n dé ìdajì tó fi ní "Kò burú mà, a ti yọ̀ǹda yín." Ó yá a lára jù. Ọkọ mi ò tíì dákẹ́ ẹ̀rín.

Pọ́ǹpù: mo mú púlọ́ńbà wá, ó tú u, wáṣà ti jẹ tán, irin méjì nínú páìpù ti dá, ₦65,000 pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́. Mo gbé ìwé ẹ̀ lọ sípàdé, mo tún gbé iye tó wà ní báńkì gan-an lọ, torí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀. Ibẹ̀ ni ariwo ti kọ́kọ́ sọ, kì í ṣe lórí pọ́ǹpù o, lórí àwọn tó ṣèlérí tí wọn ò mú un wá, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà sórí ọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó rọlẹ̀, Bàbá Wọ́dìn ní òun ti bá lémọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ lójà, wọ́n á mú ₦25,000 wá. Ìjọ yọ ₦40,000. Òrùlé, wọ́n máa ra páànù díẹ̀ fún apá ibi pẹpẹ ná, èyí tó kù á dúró dìgbà tí àwọn ará Èkó bá wálé ní Kérésì. Sípíkà, wọn ò tíì gbé e wá mọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Omi jáde lọ́jọ́bọ̀. Bàbá tó ní òrùlé ń jò yẹn ní pọ́ǹpù yẹn ń ké jù, pé yóò máa da ìwàásù rú, kí wọ́n máa tì í láago mẹ́sàn-án Sọ́ńdè. Àlàájì tó ń gbé ọ̀ọ́kán ní kò sẹ́ni tó máa tì í. Wọ́n ṣì wà lórí ìyẹn.

Mo ti lọ kí ìyá oníṣu. Ilé ẹ̀ jìnnà ju bí mo ṣe rò lọ, mi ò mọ bó ṣe ń rin ibẹ̀ wá.

Ọ̀kan ló kù. Kátíkísì wa ń lọ sí ìsìnkú àna ẹ̀ ní Ṣakí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Fíkà sì wà ní ìjọ mìíràn, wọ́n ní ṣé mo lè dúró ṣe ìsìn òwúrọ̀ fún wọn, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Bàbá Kátíkísì, ẹ jọ̀ọ́, mo ti kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀, ẹ bá mi wò ó.